Òòfà tó ń sùn, òòfà tó ti jí: ìtàn sípíkà nílẹ̀ Ẹ̀gbá

1/ Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹ wá ibi jókòó sí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa nǹkan kan tó wà lẹ́yìn gbogbo sípíkà tó ń dún ní Abẹ́òkúta: òòfà. Mo fẹ́ sọ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, bó ṣe ń lágbára sí i, àti ìdí tó fi jẹ́ pé ìka àwọn tó ń tún un ṣe ló ń san gbèsè agbára náà.

2/ Ẹ wo ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo ní ìgboro, láti Ìtòkò dé Pánṣẹ́kẹ́, láti Láfẹ́nwá dé Kútọ̀. Ìgbéyàwó ń lọ níhìn-ín, òkú àgbà ń lọ lọ́hùn-ún, wọ́n ń sọmọ lórúkọ lójúlé kejì. Kò sí èyí tí wọn ò ní to sípíkà sí. Ṣọ́ọ̀ṣì ní tiẹ̀, mọ́ṣáláṣí ní tiẹ̀, ẹni tó ń polówó agbo nínú mọ́tò náà ní tiẹ̀. A mọ orúkọ olórin, a mọ ẹni tó ni ẹ̀rọ. Ta ló ń bèèrè ẹni tó ń tún sípíkà ṣe?

3/ Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ. Òòfà: ohun tó ń fà. Ṣùgbọ́n kì í fa gbogbo nǹkan. Kì í fa igi, kì í fa ike, kì í fa idẹ, kì í fa bàbà. Irin ló mọ̀, òòfà bíi tiẹ̀ ló mọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí gbogbo ọgbọ́n tá a máa fi gba ìka là nísàlẹ̀, orí rẹ̀ ló dúró lé.

4/ Báwo ni sípíkà ṣe ń ṣiṣẹ́? Kò le rárá. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n wé yípo, àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní kọ́ìlì. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà sípíkà. Kọ́ìlì yìí wọ inú àlàfo tóóró kan láàárín irin méjì, òòfà ló sì ń fún àlàfo náà lágbára. Tí iná orin bá ti gba inú kọ́ìlì, òòfà á tì í síwájú, á fà á sẹ́yìn. Bébà á mì, afẹ́fẹ́ á mì, etí wa á gbọ́ orin.

5/ Àlàfo yẹn tóóró gan-an ni. Nínú ọ̀pọ̀ sípíkà, kò ju mílímítà 1 sí 2 lọ. Ó sì gbọ́dọ̀ dọ́gba yíká. Tó bá fì sápá kan bí ìdajì mílímítà péré, kọ́ìlì á máa ha irin, ohùn á máa ké bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Nítorí náà, iṣẹ́ títo òòfà gba agbára, ó sì gba ìrẹ̀lẹ̀ ọwọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

6/ Ìtàn wá kù. Ní 1925, àwọn ọkùnrin Amẹ́ríkà méjì, Chester Rice àti Edward Kellogg, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní General Electric, gbé irú sípíkà tí à ń lò dòní jáde fáyé rí. Nígbà yẹn, òòfà tó ń dá dúró ò tíì lágbára tó. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n wé wáyà púpọ̀ mọ́ irin, wọ́n fi iná sí i. Òòfà oníná nìyẹn.

7/ Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀. Òòfà oníná, tẹ́ ẹ bá ti pa iná, irin lásán ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ tú u, á kàn pa iná, á tú u bó ṣe wù ú. Tó bá tò ó tán, á tan iná padà. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò lè há sí òòfà tó ti kú. Ní ti ọwọ́ oníṣẹ́, sípíkà àkọ́kọ́ yẹn rọrùn ju èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

8/ Ṣùgbọ́n ó ń jẹ iná ṣáá. Báwo ni ilé tí ò ní iná mànàmáná ṣe máa gbọ́ rédíò? Ní oṣù Kejìlá 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ rédíò orí wáyà ní Èkó. Ní 1939 ó dé Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó dé àwọn ìlú mìíràn, Abẹ́òkúta sì wà lára wọn. Wọ́n á gba ohùn BBC láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á fi wáyà pín in kiri ojúlé.

9/ Àpótí kan ni wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri. Kò ní ju bọ́tìnì kan tí wọ́n fi ń mú ohùn lọ sókè, sísàlẹ̀. O ò lè yan ilé iṣẹ́ tó o fẹ́ gbọ́, o ò lè dá a lóhùn. Ìdí nìyẹn táwọn bàbá wa fi sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1934, kọ nípa àpótí yìí nínú ìwé rẹ̀, Aké, tó jáde ní 1981, àti bí ìròyìn ogun Hitler ṣe ń tinú rẹ̀ jáde nígbà èwe rẹ̀.

10/ Wáyà tó wọ inú asọ̀rọ̀mágbèsì, ohùn nìkan ló ń gbé wá. Iná tó máa bọ́ òòfà oníná ò sí níbẹ̀. Nítorí náà, òòfà tó ń dá dúró, tó ń mú agbára rẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, ló gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí náà. Ohun tó mú kí ohùn dé ilé tí ò níná nìyẹn: òòfà tí kì í sùn.

11/ Ta ló sọ òòfà di alágbára tó bẹ́ẹ̀? Ní 1931, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Japan kan, Tokushichi Mishima, po irin, nickel àti alumínọ́ọ̀mù pọ̀, ó sì rí i pé òòfà tó tibẹ̀ jáde kì í tètè sọ agbára nù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi cobalt kún un. Òun ni ayé wá mọ̀ sí alnico, sípíkà tó dáa sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún.

12/ Ẹ gbọ́ ná, ibi tí mo ń lọ nìyí. Nígbà tí òòfà bá kọ́kọ́ jáde látinú iná ní ilé iṣẹ́, kò tíì ní agbára kankan. Ẹ gbé e ka irin, kò ní fà á. Mo máa ń sọ pé ó ṣì ń sùn. Wọ́n ní láti gbé e sáàárín kọ́ìlì ńlá kan, kí wọ́n fi iná tó lágbára gba inú kọ́ìlì náà kọjá ní wéré, bí ìgbà tí mànàmáná kọ, kó tó jí. Tó bá ti jí báyìí, ó di kó máa fà títí.

13/ Ọgbọ́n ilé iṣẹ́ sì wà níbẹ̀. Òòfà tó ń sùn ni wọ́n ń tò. Wọ́n á gbé irin ìsàlẹ̀ tó ní òpó láàárín kalẹ̀, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á gbé òòfà lé e, wọ́n á gbé irin òkè lé òòfà. Wọ́n á fi òrùka ìwọ̀n sáàárín kí àlàfo lè dọ́gba. Gọ́ọ̀mù á gbẹ. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá ti gan pa, tí nǹkan kan ò lè fò mọ́, ni wọ́n á tó jí i. Oníṣẹ́ ibẹ̀ ò bá òòfà jà.

14/ Alnico ní ìwà kan tó dá dúró. Tẹ́ ẹ bá tú u kúrò láàárín irin rẹ̀, ẹ ti bà á jẹ́. Agbára rẹ̀ á ṣàn lọ. Tẹ́ ẹ bá dà á padà sípò, ohùn á ti dínkù, àfi kí ilé iṣẹ́ tún un jí. Nítorí náà, ẹni tí sípíkà àtijọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní òòfà alnico, kó pààrọ̀ bébà àti kọ́ìlì, ṣùgbọ́n kó má fọwọ́ kan òòfà yẹn rárá.

15/ Àsìkò alnico yẹn náà ni àsìkò rẹ́kọ́ọ̀dù àti rédíògíráàmù nílẹ̀ wa. Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Ìtòkò, ń ṣe àwo Àpàlà fún EMI, àwọn tó ń ta àwo sì ń gbé sípíkà síta kí ẹni tó ń kọjá lè dúró gbọ́. Ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 1980 ni Àyìnlá kú, ní Abẹ́òkúta níbí. Kó tó kú, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ ní àárín Áfíríkà tó yí ẹ̀yìn sípíkà padà.

16/ Cobalt tó wà nínú alnico, orílẹ̀-èdè tó ń wa jù láyé nígbà yẹn ni Zaire, tó ti padà di Kóńgò báyìí. Ní oṣù Karùn-ún 1978, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba Angola wọ ìpínlẹ̀ Shaba, wọ́n gba ìlú Kolwezi, níbi tí wọ́n ti ń wa cobalt. Jìnnìjìnnì bo ọjà, owó cobalt fò sókè. Àwọn tó ń ṣe sípíkà láyé wò ó pé, ẹ jọ̀ọ́, a ò lè máa bá ogun dúnàá dúrà. Ọ̀pọ̀ wọn kó kúrò nídìí alnico.

17/ Kí ni wọ́n kó lọ sídìí ẹ̀? Ferrite. Philips ti gbé e jáde ní Netherlands láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ó dínwó, torí ìpẹtà irin ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Wọ́n á lọ ìpẹtà náà kúnná, wọ́n á po ohun mìíràn mọ́ ọn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bí ẹni mọ ìkòkò, wọ́n á sì sun ún nínú iná. Ẹ ò rí i? Ìkòkò ni! Àwo dúdú rìbìtì tẹ́ ẹ máa ń rí lẹ́yìn sípíkà nìyẹn.

18/ Bó sì ṣe ń ṣe bí ìkòkò náà nìyẹn. Ó wúwo, ó sì ń fọ́. Gọ́ọ̀mù ló dì í mú láàárín irin méjì. Tí sípíkà ńlá bá já látorí ọkọ̀, tàbí wọ́n gbé e jù sílẹ̀ lẹ́yìn òde, gọ́ọ̀mù lè já, òòfà á sún sápá kan, àlàfo á di, kọ́ìlì á há. Sípíkà ò ní ké mọ́. Ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe.

19/ Àgbà òòfà wá dé. Láàárín 1983 sí 1984, Masato Sagawa ní Japan àti John Croat ní Amẹ́ríkà, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn tiẹ̀, gbé òòfà neodymium jáde. Tẹ́ ẹ bá mú òòfà yìí àti ferrite tí wọ́n jọ tóbi bákan náà, agbára tó wà nínú neodymium tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Òun ló jẹ́ kí sípíkà òde ìsinsìnyí fúyẹ́. Ó wà nínú fóònù yín, ó wà nínú ohun tẹ́ ẹ fi sétí, ó wà nínú kọ̀ǹpútà.

20/ Ẹ jẹ́ ká kó o pọ̀. Òòfà 1925: ẹ pa iná, ó kú. Alnico: ẹ tú u, ó rẹ̀ ẹ́. Ferrite: ẹ tú u, kò rẹ̀ ẹ́, ó ṣì ń fà. Neodymium: ẹ tú u, ó ń wá ohun tó máa gbá mú. Bí ọdún ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni òòfà ń kọ̀ láti sùn. Ilé iṣẹ́ òkèèrè ò sì rí ìyọnu yìí, torí èyí tó ń sùn ni wọ́n sábà máa ń tò. Èyí tó ti jí ló ń dé orí tábìlì ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́ lọ́dọ̀ wa.

21/ Ohun tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí nìyẹn. Ẹrù dé, agbára dé, bébà ìkìlọ̀ ò bá a dé. Bó bá tiẹ̀ dé, èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ kì í ṣe èyí tí ọmọọṣẹ́ ọdún 15 ń sọ. Àwọn àgbà ní ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Ọmọ tó ń fi òòfà ẹ̀yìn sípíkà ṣeré ò mọ ohun tó mú dání.

22/ Kí ló tiẹ̀ ń jẹ́ kí òòfà tan ọwọ́ jẹ? Ìwà rẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ń gbé e sún mọ́ irin, ẹ ò ní mọ nǹkan kan lára níbi tó jìnnà. Ẹ sún un díẹ̀ sí i, ó ń fà díẹ̀. Ọwọ́ yín á ní mo lágbára ẹ̀. Àfi ìgbà tó bá ku ìwọ̀nba díẹ̀, agbára náà á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọpọlọ tó rán ọwọ́ níṣẹ́, ó ti gbá mọ́ra. Ohun tó bá wà láàárín ló máa fọ́, ì báà jẹ́ òòfà, ì báà jẹ́ ìka.

23/ Iṣẹ́ ọwọ́ nílẹ̀ Yorùbá ò ṣàìní èèwọ̀. Alágbẹ̀dẹ ní tiẹ̀, ahunṣọ ní tiẹ̀, aláró adìrẹ Ìtọ̀kú ní tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèwọ̀ wọ̀nyẹn, tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ààbò ni wọ́n dì sínú ẹ̀ kí ọmọ iṣẹ́ má bàa gbàgbé. Iṣẹ́ sípíkà ò dàgbà tó iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó yẹ kó ní tiẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí n dábàá méje.

24/ Èèwọ̀ kìíní: a kì í tú òòfà lórí tábìlì onírin. Tábìlì igi ni. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó sikurudiráífà, òòlù, pínsì, ìṣó àti òòfà mìíràn kúrò níbẹ̀, ó kéré tán ìgbésẹ̀ méjì. Irin tẹ́ ẹ gbàgbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ lè dìde fò wá, ọwọ́ yín lè wà lọ́nà ẹ̀. Òòfà kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan.

25/ Èèwọ̀ kejì: a kì í fa òòfà méjì ya gbọnrangandan. Ẹ ò ní lágbára ẹ̀, tó bá sì já lójijì, ó tún lè padà wá gbá ọwọ́ yín. Ẹ yọ̀ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ẹ gbé ìkan sórí tábìlì igi, kí ìkejì yọ sí etí tábìlì, kẹ́ ẹ wá tì í wálẹ̀ bí ẹni ń yọ ìdérí àpótí. Tó bá ti ya díẹ̀, ẹ ki igi bọ̀ ọ́ láàárín kíá, kí wọ́n má bàa rí ara wọn mọ́.

26/ Èèwọ̀ kẹta: a kì í fi ọwọ́ lásán gbé irin òkè lé òòfà. Ibí ni ìka ti ń lọ jù. Ẹ wá igi mẹ́ta tó nípọn nídìí tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu, irú èyí tí káfíńtà fi ń há ilẹ̀kùn. Ẹ tò wọ́n yíká orí òòfà, kẹ́ ẹ gbé irin lé wọn. Ẹ wá máa fa igi kọ̀ọ̀kan jáde díẹ̀díẹ̀, níkọ̀ọ̀kan, yíká, yíká. Irin á máa sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Etí irin ni kẹ́ ẹ ti mú un, ìka kì í wọ abẹ́ rẹ̀.

27/ Èèwọ̀ kẹrin: a kì í fi ojú wọn àlàfo. Kí irin òkè tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ gé ike tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí fíìmù X-ray àtijọ́, kẹ́ ẹ fi yí òpó àárín ká títí tó fi máa kún àlàfo náà rẹ́gí. Òun ni kò ní jẹ́ kí irin fò mọ́ òpó lápá kan. Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó fa ike yọ. Eruku irin tó bá kó sínú àlàfo, tépù ni kẹ́ ẹ fi lẹ̀ ẹ́ jáde, atẹ́gùn ẹnu ò ní mú un kúrò.

28/ Èèwọ̀ karùn-ún: a kì í lu òòfà ní òòlù, a kì í fi fáìlì rẹ́ ẹ, a kì í lu ú nihò, a kì í gbé e síná. Ferrite àti neodymium ń fọ́, èérún wọn ń fò bí àfọ́kù ìgò, nítorí náà ẹ wọ awò tó ń bo ojú. Eruku neodymium lè gbiná. Neodymium tó wọ́pọ̀ lọ́jà ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ agbára nù tó bá ti gbóná kọjá nǹkan bí 80°C, omi tó ń hó lórí ààrò pàápàá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

29/ Èèwọ̀ kẹfà: a kì í dá nìkan ṣe òòfà ńlá. Tí ìka bá há, ẹ má já a gbà. Ẹnìkejì ni kó ki igi bọ àárín, tàbí kó yọ òòfà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ìka bá ti wú tàbí tó ṣẹ́, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe kí ọ̀gá máa fi omi gbígbóná jó o kó sì ní kò sí nǹkan kan.

30/ Èèwọ̀ keje: àwọn kan wà tí kì í dé ìdí òòfà. Ẹni tí dókítà ti fi ẹ̀rọ tó ń darí lílù ọkàn sí láyà, kó jìnnà. Òòfà lè yí iṣẹ́ ẹ̀rọ náà padà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ kékeré. Tí iṣẹ́ bá parí, inú àpótí igi tó ní títì ni òòfà ń sùn, kì í ṣe ojú fèrèsé.

31/ Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré. Òòfà neodymium wẹ́wẹ́ tó rí róbótó ti wà lọ́jà bí ohun ìṣeré, ó sì ń jáde látinú ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́. Ọmọ tó bá gbé ẹyọ kan mì, ó burú. Tó bá gbé méjì, ó burú jáì. Wọ́n á wà ní apá ìfun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á fa ara wọn, wọ́n á tẹ ìfun mọ́ àárín títí tó fi máa lu. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á dà bí inú rírun lásán.

32/ Tẹ́ ẹ bá fura pé ọmọ gbé òòfà mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má ní kó bì í, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé òòfà ni. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe owó ẹyọ lásán ló gbé mì.

33/ Ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ń rí sí ààbò ohun tí aráàlú ń rà ṣòfin ní 2014 tó lé òòfà wẹ́wẹ́ wọ̀nyí kúrò lórí àtẹ. Ní 2016, ilé ẹjọ́ fagi lé òfin náà. Òòfà padà sọ́jà, àwọn ọmọ tó gbé e mì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní ilé ìwòsàn. Ní 2022 ni wọ́n tó gbé òfin tuntun jáde. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kódà níbi tí òfin wà, ìmọ̀ tó wà nílé ló ń kọ́kọ́ gba ọmọ là.

34/ Ẹni tó bá rò pé òòfà ò lè pa èèyàn, kó gbọ́ èyí. Ní 2001, ọmọ ọdún 6 kan wà nínú ẹ̀rọ MRI ní ìpínlẹ̀ New York. Òòfà ńlá ni ẹ̀rọ yẹn. Wọ́n gbé àgbá ọ́síjìn onírin wọ yàrá, òòfà fa àgbá náà, ó sì gbá ọmọ náà lórí. Ó kú. Àwọn tó kàwé nípa ẹ̀ dáadáa ló wà níbẹ̀ o. Ẹ̀rọ MRI ti wà ní Nàìjíríà báyìí. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ bọ́ gbogbo irin ara yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ má bá wọn jiyàn.

35/ Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Òfin Àbújá lè pẹ́ kó tó dé ṣọ́ọ̀bù sípíkà. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́: ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ohun tí ọ̀gá bá sọ ni ọmọọṣẹ́ ń ṣe. Ohun tí ọ̀gá ò bá sọ, ìka ló máa sọ ọ́ fún un. Ohun tó sì jẹ́ kí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ti ìran dé ìran ni pé ẹnu ń sọ ọ́, ọwọ́ ń ṣe é, kì í ṣe bébà tó wà nínú páálí.

36/ Lọ́jọ́ fíríídọ̀mù, a máa ń pe ẹbí, a máa ń se jọ̀lọ́ọ̀fù, ọ̀gá á gbàdúrà, á kó irinṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́. Ohun tí mò ń bẹ ẹ̀yin ọ̀gá oní-sípíkà nílẹ̀ Ẹ̀gbá ni pé lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ ka èèwọ̀ méje yìí sétígbọ̀ọ́ gbogbo ayé. Ẹ kó igi mẹ́ta onídìí-nípọn yẹn mọ́ irinṣẹ́ rẹ̀. Igi ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀gbẹ́ káfíńtà lẹ ti máa rí i ṣà.

37/ Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko. Ó dà bíi pé wọ́n rí òòfà kí wọ́n tó sọ ọ́.

38/ Ó parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ yìí, tẹ́ ẹ bá ní èèwọ̀ kẹjọ tí mi ò mọ̀, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí gbogbo wa kọ́ ọ. Ẹ̀yin tẹ́ ò ṣe é, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó tún sípíkà yín ṣe kẹ́yìn.